Ọtí Pupa Tí A Kì Í Dá Mu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ ọ̀!

Ààlọ́ tèmi kò bá ìjàpá lọ sóko lálẹ́ òní, kò sì bá ọba jókòó láàfin. Ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé wa gòkè, ó kan ilẹ̀kùn kan, ó bá obìnrin kan tó ń gé tòmátì sínú àwo méjì, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà nínú ilé.

"Anti Sìkírátù nìyẹn!" Ẹ̀bùn ló ti pariwo.

"Ta ló ní kí o dárúkọ ẹ̀ kí n tó dárúkọ ẹ̀? Ṣé ìwọ lo ni ààlọ́ ni?"

Lérè, àbúrò rẹ̀, yí ẹnu. "Grandma, ìgbà tá a bá ń jẹun ló máa ń wá. Every time. Ṣé kò ní oúnjẹ nílé ẹ̀ ni?"

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ra ìrẹsì. Ṣé ó wá gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ ni, àbí ó gbé e wá? Omi kíkan pupa tó wà lórí tòmátì tí ẹ jẹ tán yìí, tí ìwọ Lérè gbé àwo rẹ̀ sókè tí o lá a, ta ló gbé e wá?"

"Èmi ò lá àwo."

"O lá a. Àmì ẹ̀ ṣì wà nímú rẹ. Ó dáa, ẹ sún mọ́bí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí omi kíkan yẹn ti wá fún yín, àti ìdí tí Anti yín fi máa ń gbé e kan ilẹ̀kùn wa."

Ní ọdún tí iṣẹ́ epo dàrú ní Houston yìí, tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo tó wà ní La Porte, lẹ́bàá ìlú, ń dá àwọn èèyàn dúró bí ẹni ń gbọn ìyàngbò nínú atẹ, ọkọ Sìkírátù wà lára àwọn tí wọ́n gbọ̀n dànù. Ọláwọlé lorúkọ ọkọ rẹ̀. Ọmọ ìwé ni nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ó gboyè, ó ríṣẹ́, ó sì ránṣẹ́ sílé, ní Ṣakí, pé kí ìyàwó òun máa bọ̀. Ìyàwó kò tíì mọ ojú ọ̀nà ilé ìtajà tí iṣẹ́ fi bọ́. Ọláwọlé ní òun ń lọ wáṣẹ́ ní Atlanta, pé bí òun bá ti fìdí kalẹ̀, òun yóò pè é kó wá bá òun. Ó pè nígbà tó débẹ̀. Ó tún pè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, ìpè rẹ̀ wá dà bí òjò inú ẹ̀ẹ̀rùn: èèyàn á ti inú ilé jáde, á wòkè, á tún padà wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni Sìkírátù ṣe di ẹni tó ń gbé lóun nìkan nínú yàrá òkè yìí, ní àdúgbò wa, Gulfton, níbi tí ògiri ti fẹ́lẹ́ bí abala bébà. Èèyàn ń gbọ́ bí ará ẹ̀gbẹ́ ilé ṣe ń húkọ́, kò sì mọ ojú rẹ̀. Ní agbo ilé wọn ní Ṣakí, bí o bá jókòó ti àwo, ọwọ́ àwọn ọmọ ilé á ti wọ inú rẹ̀ kí òkèlè tìrẹ tó dé ẹnu. Níbí, àwo rẹ̀ kún, kò sẹ́ni tó bá a dù ú. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun bá ń jẹun, òun a máa gbọ́ ìró eyín òun.

Iṣẹ́ tó rí ni ìtọ́jú arúgbó. Bọ́ọ̀sì ló máa ń wọ̀ lọ láàárọ̀, nítorí kò mọ mọ́tò wà, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ mọ́tò wà nílùú yìí, ọjọ́ rẹ̀ gùn. Arúgbó tí wọ́n ní kó máa tọ́jú, ará Ítálì ni, Bàbá Donato. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Rókò, wà ní Kalifóníà. Bàbá yìí ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, wọ́n fi ìpàkọ́ lu ilẹ̀. Dókítà ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Orí yè, ṣùgbọ́n imú kú.

"Báwo ni imú ṣe ń kú?" Lérè fọwọ́ kan tirẹ̀.

"Kò gbóòórùn mọ́. O lè jó aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kò ní mọ̀. Bí imú bá sì ti kú, ẹnu náà di ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ní gbogbo oúnjẹ tí àwọn ń jẹ, bí ẹni ń jẹ páálí ni. Ẹran, páálí. Búrẹ́dì, páálí. Wọn kò sọ fún ọmọ wọn. Sìkírátù nìkan ló mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ tí Sìkírátù kọ́kọ́ dé ilé yẹn, ó tún ilé ṣe títí ó fi dé yàrá kékeré kan tó tutù, tí kò ní fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí ìgò ọtí tí wọ́n dùbúlẹ̀ lórí pákó, eruku bò wọ́n, wọ́n sùn lórí ara wọn bí àwọn ọ̀mùtí. Àánú ilé náà ṣe é. Ó ní, háà, àgbàlagbà yìí kò lẹ́nìkan nítòótọ́! Níbi tí a ti wá, ìgò epo, ìgò òróró, ìgò oyin, ìdúró ni gbogbo wọn ń dúró. Èyí tó bá dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá àkísà. Ó mú aṣọ ìnura, ó fi wé ọwọ́ rẹ̀, nítorí mùsùlùmí tòótọ́ ni, kì í fi ọwọ́ lásán kan ọtí. Ó gbé ìgò kọ̀ọ̀kan, ó nù ún, ó kó gbogbo wọn lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, níbi tí òróró àti iyọ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ó tò wọ́n ní ìdúró, ìwé ara wọn kọjú síta, bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ó yin ara rẹ̀. Bàbá ń sùn.

Ìgbà ooru wọlé. Ẹ mọ ooru ìlú wa yìí. Sítóòfù ń jó nísàlẹ̀, oòrùn ń jó lẹ́yìn ògiri, ìgò sì dúró láàárín.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ni òun àti Bàbá Donato ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì tiwọn méjèèjì, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kan jó ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, wọ́n ń jó o lọ. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ òkè wọn ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ní ìsàlẹ̀ ìlú Ítálì, ní ìpínlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Basilikátà, òkè kan wà tó ń jẹ́ Fúlítúre. Láyé àtijọ́, iná ni òkè náà máa ń bì jáde. Iná ti kú, ṣùgbọ́n eérú rẹ̀ ló di ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gbin àjàrà sí. Àjàrà náà ń jẹ́ Aliániko. Àwọn ará ìlú mìíràn á ti kórè àjàrà tiwọn, wọ́n á ti jó, wọ́n á ti sùn. Ti òkè Fúlítúre á ṣì wà lórí igi. Ó di inú Nòfẹ́ńbà, tí òtútù ti ń bu àwọn olóko jẹ níka, kí wọ́n tó gé e. Òun ló ń kẹ́yìn.

"Àwọn tálákà ni wá," Bàbá Donato ní. "Òkúta, ewúrẹ́, àti àjàrà yẹn. Ọ̀pọ̀ wa wọ ọkọ̀ òkun lọ. Àmọ́ ọtí wa kì í ṣe ọtí ọ̀lẹ. Bí o bá mu ún ní kékeré, á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ mú, á fà á pọ̀, o ò ní lè súfèé."

"Bí èèpo àgbálùmọ̀," Sìkírátù ní.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ṣàlàyé èso náà, bí ó ṣe pupa rúsúrúsú, bí a ṣe ń jẹ ẹ tí ètè á lẹ̀ mọ́ ara wọn tí ọmọ kò ní lè pe orúkọ ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Òun nìyẹn! Alágídí ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, má yọ ọ́ lẹ́nu, jẹ́ kí ọdún gorí ọdún. Á rọ̀. Ìgbà yẹn lo máa gbóòórùn ṣẹ́rì dúdú, wàá gbóòórùn awọ, àti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Nígbà tí o bá sì gbé e mì tán, wàá rí eérú. Díẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ahọ́n. Òkè ló ń kí ọ."

Wọ́n tún sọ òfin rẹ̀ fún un. Wọ́n ní, nínú ilé bàbá àwọn, a kì í dá a mu. Lọ́jọ́ tí ìkórè bá parí, bàbá á ṣí ìgò àtijọ́, á bu ún fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá dá ìgò yẹn ṣí, tó jókòó tì í lóun nìkan, ó ń sọ fún òkè pé ilé òun ti tú.

"Àbúrò mi ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi," ni wọ́n wí. "Ó ti kú. Wọ́n ti ta oko náà. Èyí tó wà nínú yàrá tútù yẹn ló kù láyé yìí nínú iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi. Rókò ní òun ń bọ̀ ní Nòfẹ́ńbà. Ọmọ yẹn kò tọ́ ọ wò rí. Òun ni mo tẹ́ wọn sílẹ̀ dè."

Sìkírátù ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó béèrè, bí ẹni ń ṣeré, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi ń tẹ́ ìgò sílẹ̀ ná? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Háà! Ìgò ọtí pupa kì í dúró, ọmọ mi. Lábúlé wa, inú ihò tí a gbẹ́ sínú àpáta la ń kó wọn sí, a ó tẹ́ wọn bí ọmọ ọwọ́, kí ọtí lè máa rin èdídí tó wà lẹ́nu ìgò. Bí ó bá dúró, èdídí á gbẹ, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé, ọtí á kan. Àti ooru! Ooru ni ikú rẹ̀."

Ṣíbí dúró nínú ọbẹ̀.

Sìkírátù wo kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè orí rẹ̀. Nígbà tí Bàbá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kó gbogbo ìgò padà sí yàrá tútù, ó tẹ́ wọn bí ó ṣe bá wọn. Kò rántí wé aṣọ mọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ́ òkú sórí ẹní, ṣé ó ti sọ ọ́ di ẹni tó ń sùn?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló kan ilẹ̀kùn wa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn, ìwọ lo ṣí i, o ní ẹnìkan tó ń sunkún wà níta. Mo gbé àga fún un níwájú fíríìjì. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ wò wá o. Mùsùlùmí ló ba ọtí jẹ́, èmi aládùúrà ló wá fẹjọ́ sùn. Àwa tí a kò mọ bí ó ṣe ń rí lẹ́nu!"

Kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, wọ́n á lé mi."

"Iṣẹ́ mìíràn wà. Àdúgbò Alief lọ́hùn-ún kún fún àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́."

"Kì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń sunkún sí." Ó fi etí ìborùn nu ojú. "Bí mo bá ti kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, n kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi. Bàbá ń pè mí ní Síkíra, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá lé mi, Màmá, ta ni yóò máa pè mí?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo bu omi tútù fún un láti inú fíríìjì. Mo kàn ní, "Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Síbẹ̀ náà, ìwọ gbé e lọ." Ó ní kí n máa ṣe wúrídì fún òun. Mo ní èmi kò mọ wúrídì, n ó gbàdúrà. Ó gòkè lọ.

Kò gbé e lọ. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ọ̀rọ̀ náà á wà lẹ́nu rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á wà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá á ní "Síkíra! O ti dé!" ọ̀rọ̀ náà á sì padà sínú ikùn.

Nòfẹ́ńbà dé. Ọjọ́ tí Rókò ní òun ń bọ̀ pé. Bàbá Donato wọ kóòtù, wọ́n ní kí Sìkírátù bá àwọn so táì, kò mọ̀ ọ́n so, ó so ó bí ẹni ń so ìdí ìgbálẹ̀. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ife méjì, àwo méjì. Ó ti se oúnjẹ tí wọ́n ní kó sè, búrẹ́dì wà níbẹ̀, tòmátì tí wọ́n gé wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìgò náà gbọ́dọ̀ tètè ṣí kó lè mí kí àlejò tó dé. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fà á, èdídí jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí eyín ọmọdé. Wọ́n tẹ imú sí i. Wọn kò gbóòórùn kankan. Wọ́n rọra gbé e kalẹ̀.

Tẹlifóònù dún.

Sìkírátù gbọ́ apá tiwọn nìkan. "Rókò. ... Ṣé o ti dé pápá ọkọ̀ òfuurufú? ... Háà. ... Ó yé mi. Iṣẹ́ niṣẹ́. ... Kérésìmesì, ó dáa. ... Kò burú, ọmọ mi. Kò burú." Rókò ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣì di tẹlifóònù mú mọ́ etí, ó ń ké wíì wíì wíì.

Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Wọn kò tú táì. Ní ìta, ìró mọ́tò orí freeway ń hó lọ bí odò tí kò ní etí.

"A ti ṣí i," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "Kò ṣeé dé padà. Síkíra, wá bá mi gbóòórùn rẹ̀. Imú rẹ ni mo fẹ́ yá. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run gbé e sí! Àlejò kò wá mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́ ọ wò. Imú Bàbá ti kú. Gbogbo ohun tó yẹ kí ó sọ, Bàbá fúnra wọn ti kọ́ ọ. Kó ṣáà kà á jáde bí ọmọ iléèwé, iṣẹ́ rẹ̀ wà, ohùn tó ń pè é wà, Bàbá á sì sùn dáadáa. Ta ni yóò mọ̀?

Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé imú lé ẹnu ìgò. Òórùn náà gbá a lójú. Bí ẹmu tí a gbàgbé sínú akèrègbè, tí àná ti kọjá lórí rẹ̀, tí ìjẹta náà sì ti kọjá.

"Ṣẹ́rì dúdú wà níbẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ilẹ̀ tí òjò kàn... Eérú wà níbẹ̀."

Bàbá Donato di ojú. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín yẹn ló pa á. Ó ní bó bá ṣe pé wọ́n kàn mi orí lásán ni, òun ì bá pa irọ́ náà dé òpin. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná.

"Bàbá, irọ́ ni. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ó ti kan. Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni mo gbé wọn dìde, mo tò wọ́n sídìí iná, n kò mọ̀. Ìgbà tí mo mọ̀, ẹ̀rù bà mí."

Wọ́n la ojú. "Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn ni mo gbé dìde."

"Lọ kó wọn wá."

Ó kó wọn wá. Bàbá ń fa èdídí, Sìkírátù ń gbóòórùn. Ó ti kan. Èyí náà ti kan. Bàbá kò wo ojú rẹ̀. Wọ́n ń fà, ó ń gbóòórùn, títí ìgò fi tán. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú.

"Máa lọ," ni wọ́n wí.

Kò bẹ̀bẹ̀. Ó mú àpò rẹ̀, ó mú ìborùn rẹ̀, ó jáde. Ìdí òpó bọ́ọ̀sì tó wà níwájú ilé náà ló dúró sí. Bọ́ọ̀sì kò tètè dé. Ó ní ohun tí òun ń rò ni pé, lọ́la, kò síbi kankan tí òun yóò lọ.

"Wọ́n lé e?" Ẹ̀bùn ti di apá mi mú.

"Sùúrù."

Ó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí kọnkéré. Bàbá Donato, tí wọn kò tíì jáde síta fúnra wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú! Wọ́n ń bọ̀ nínú kóòtù, pẹ̀lú táì bí ìdí ìgbálẹ̀ lọ́rùn, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ètè wọn pupa.

"Mo tọ́ ọ wò," wọ́n ní.

"Bàbá, ẹ ó tún ṣubú o!"

"Mo ní mo tọ́ ọ wò! Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o purọ́ lẹ́ẹ̀kejì." Wọ́n fi ìka kan ahọ́n wọn. "Ẹnu mi gbọ́ ọ. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo ń wí? Kíkan yẹn, ó ta mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu mi gbọ́ nìyẹn. Bó bá ṣe pé ó dáa, bó bá ṣe pé ó rí bó ṣe yẹ kó rí, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Páálí ni ì bá jẹ́." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. "Ìyá mi kì í da ọtí tó kan nù. Orí tòmátì ló ń dà á sí, fún àwọn tó ti oko dé. Oúnjẹ wà nílẹ̀. Ta ni yóò bá mi jẹ ẹ́?"

Wọ́n padà wọlé. Bàbá bu omi kíkan náà sórí tòmátì, wọ́n fi iyọ̀ sí i, wọ́n fi òróró sí i, wọ́n ya búrẹ́dì. Wọ́n ti àwo tó yẹ kó jẹ́ ti Rókò sí iwájú Sìkírátù.

"Jẹ."

"Bàbá, n kì í mu ọtí. Ẹ̀sìn mi kò gbà."

"Èwo ni ọtí níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ìwọ náà lo pa á ni?"

Ìgbà yẹn ni Sìkírátù rántí Alfa tó kọ́ wọn ní ilé kéú ní Ṣakí. Alfa ní ọtí tó bá fúnra rẹ̀ kan, tí ẹnikẹ́ni kò da nǹkan sí i, ó ti bọ́ ẹ̀wù ọtí sílẹ̀. Ó ti di ohun tí a lè fi jẹun. Ọtí òkè Fúlítúre, bó bá wà láàyè, kì bá lè fi kan ètè láéláé. Bàbá ì bá jókòó tì í láwọn nìkan, kí wọ́n rú òfin bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ó ti kú. Ó ní "Bisimillahi." Ó ki búrẹ́dì bọ inú àwo, ó jẹ ẹ́.

Ó kọ́kọ́ kan án lẹ́nu títí ojú rẹ̀ fi fún pọ̀. Ó gbé e mì. Nígbà tó gbé e mì tán, ó fi ahọ́n lá ètè. Ó ní nǹkan kan kù lẹ́yìn ahọ́n òun, díẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí òjò bá kán sínú ààrò ìyá òun, lẹ́yìn ilé, lábẹ́ àpáta.

"Bàbá," ó ní, "eérú wà níbẹ̀ lóòótọ́."

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Irọ́ tún ni?"

"Wọlahi, kì í ṣe irọ́."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Bàbá kò sọ pé àwọn dárí jì í, Sìkírátù kò sì béèrè. Nígbà tó ń lọ sílé, wọ́n ní, "Síkíra, Mọ́ńdè."

Rókò kò wá ní Kérésìmesì. Ó wá nígbà tí òtútù ti lọ, ó wá lẹ́ẹ̀kan náà, ó kó bàbá rẹ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó ní ìlú tirẹ̀. Ọkùnrin tó níwà ni, Sìkírátù ní, ojú ló ń kán an. Bàbá Donato kó ìgò fún Sìkírátù, àwọn tó kù. Wọ́n ní òfin kò yí padà o. Bó ti kan yìí náà, a kì í dá a jẹ.

Àtìgbà yẹn, kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Bóyá wọn kò ríran tẹ tẹlifóònù mọ́, ó sì lè jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa pè é sọ fún un. Iṣẹ́ mìíràn ni Sìkírátù ń ṣe báyìí, ó ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni. Bó bá dé, tí ọjọ́ náà bá wúwo jù, á gé tòmátì sínú àwo méjì, á bu omi kíkan náà sí i. Kò lè dá a jẹ. Á wá rọra gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀.

Lérè ń fi ìka nu imú rẹ̀.

"Lérè, bí ó bá kan ilẹ̀kùn lọ́la ńkọ́?"

"Èmi ni màá ṣí i."

"Kí lo máa wí?"

"Ẹ káàbọ̀, ma."

"Ma wo? Màáàmù tí kò lórúkọ?"

"Ẹ káàbọ̀, Anti Sìkírátù." Ó pè é pátá, ó pe gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀.

Ẹ̀bùn ti ń yán. "Grandma, ṣé kò lè máa gbé pẹ̀lú wa ni?"

"Ó ní ilé, ọmọ mi. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àjà wa yẹn? Òun nìyẹn. Ó ń ti ìdí síńkì lọ síbi tẹlifóònù. Ó dúró. Ó ti ń padà."

Ibi tí ààlọ́ mi gùn dé nìyẹn, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti jókòó. Ẹ gbé àwo yìí lọ sínú síńkì. Àwo Anti yín, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, ẹ má fọ́ ọ, yóò wá gbà á. Bàbá yín àti ìyá yín kò ní pẹ́ tibi iṣẹ́ dé. Lérè, bọ́ bàtà. Ẹ̀bùn, pa iná.

Ẹ lọ sùn. Èmi ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn. N ó jókòó tì í títí yóò fi dúró.